Ẹní Sìmẹ́ńtì Ràúdátù

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, ẹ má dúró sínú oòrùn bí ẹni tó wá gba ẹrù. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jókòó síwájú, nítorí ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìrẹsì wà lórí iná lẹ́yìn ilé, òórùn ẹran àgbò sì ti gba imú gbogbo yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní í fọwọ́ kan oúnjẹ títí n óò fi sọ̀rọ̀ tán. Obìnrin kan wà láàárín wa tó búra pé òun kò ní í jẹun nínú ilé yìí mọ́ títí ẹni tó kọ orin yóò fi gbé orin rẹ̀ mì. Òun ló jókòó lábẹ́ igi ọsàn yẹn, tó fi ìborùn funfun borí, tí kò tíì fẹnu kan omi wa láti àárọ̀. Ràúdátù ni orúkọ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Òun ni Ọlọ́wọ́ Iyanrìn tí ẹ ń kọ lórin. Èmi Ṣàkírátù, ìyá Ṣùáíbù, ìyálé ilé yìí, èmi ni mo dá orin náà. Irọ́ sì ni.

Inú mi ń dùn. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Bí ẹni tó ru igi láti Yoko wá dé Sakété, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ ẹrù kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara mi ṣe fúyẹ́. Dókítà sọ pé ó ti rẹ ọkàn mi. Mo ní kó rẹ̀ ẹ́, ohun tó ti ń gbé kiri pẹ́. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ayọ̀ yìí, inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ara mi, inú ń bí mi sí àwọn tó ti kú, inú sì ń bí mi sí ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà tó láti béèrè ọ̀rọ̀ nígbà náà, tí ẹ kò béèrè. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ tí ọmọ-ọmọ mi kan ń fo okùn níta, tó ń kọ “Ọlọ́wọ́ iyanrìn ò.” Mo pè é. Mo ní, “Ta ni Ọlọ́wọ́ Iyanrìn?” Ó ní, “Àjẹ́ ni, Ìyá àgbà.” Àjẹ́ kẹ̀. Èmi tí mo dá orin náà kò fi àjẹ́ sí i. Orin mi ti dàgbà, ó ti lọ fẹ́yàwó, ó ti ń bímọ, èmi ò sì tíì kú. Mo ní rárá, n kò ní í fi èyí sílẹ̀ sáyé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ẹ kò mọ bí ilẹ̀ ṣe ń dán láyé ìgbà yẹn. Kò sí sìmẹ́ńtì. Bí òjò bá ti ń lọ, àwọn ìyàwó ilé yóò ha àgbàlá, wọn óò wọ́n omi sí i, wọn óò tò bí ẹni tó ń lọ sóko, oníkálukú pẹ̀lú igi ìlulẹ̀ lọ́wọ́, wọn óò sì máa lù ú títí erùpẹ̀ yóò fi dì bí awọ. Lẹ́yìn náà ni a óò fi omi pupa tí a fi èèpo èso igi irú sè pa á, yóò sì máa dán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdín pa. Orin ló ń mú kí igi balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo ń lé orin. Kò sí agboolé kan ní Sakété tó fẹ́ lu ilẹ̀ rẹ̀ tí kò ní í ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ará Ahoyéyé pàápàá ń wá. Mo mọ ilẹ̀ tó ń fẹ́ orin kíákíá, mo mọ èyí tó ń fẹ́ orin jẹ́jẹ́. Ẹ gbọ́ ọ:

Ẹ lù ú kó dán o,
Ẹni nílẹ̀ ló lálejò.
Ẹ lù ú kó dán o,
Àlejò ò jókòó sófuurufú.
Ilẹ̀ baba ọkọ mi,
Ẹ lù ú kó dán.

Ẹ rí i pé ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ohùn yìí ni wọ́n fi mọ̀ mí. Mi ò lẹ́wà, mi ò ga, oògùn ọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu lórí ilẹ̀ tí à ń lù, àwọn ọkùnrin tó ń kọjá lọ a dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìwà ìkà mi ti hù.

Ní ọdún kejì tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé, kàmíọ̀nù tó ń kó sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú. Ẹni tó bá lọ́wọ́ a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀, ẹni tí kò bá lọ́wọ́ a lọ sílé ẹni tó lọ́wọ́ lọ fọwọ́ pa á wò. Ṣàmsídéènì ọkọ wa ń ta aṣọ nígbà náà, kí Ọlọ́run forí jì í, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wo òun. Wòlímà Ṣùáíbù ọmọ mi ń bọ̀, ọjọ́ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò parí Kùránì, àlejò yóò sì ti Àjàṣẹ́ wá, yóò ti Pobè wá. Ọkọ wa ní àfi kí àgbàlá di sìmẹ́ńtì kí ọjọ́ náà tó pé, kí ó sì ní iṣẹ́ ọnà lára, bí ilẹ̀ ilé àwọn ọlọ́rọ̀ tí òun rí ní Àjàṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pe màsọ́ọ̀nù kan, Bonaventure, ẹni tó mọ sìmẹ́ńtì í lò. Bonaventure wá, ó rin àgbàlá yí ká, ó fi bàtà ta ilẹ̀ tí èmi fọwọ́ ara mi lù, ó sì ní iṣẹ́ kún ọwọ́ òun ní Àjàṣẹ́, òun ò lè dé kí wòlímà tó kọjá.

Ojú ọkọ wa rẹ̀wẹ̀sì. Ìgbà náà ni Ràúdátù, ìyàwó kékeré, kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ Pobè ni. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó máa ń gbé ẹ̀kọ lọ fún àwọn tó ń fi sìmẹ́ńtì kọ́lé lọ́hùn-ún, wọ́n á sì máa jẹ ẹ̀kọ, òun á sì máa wo ọwọ́ wọn. Ó ní, “Bàbá Ṣùáíbù, mo lè tẹ́ ẹ.”

Bonaventure bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, sìmẹ́ńtì kì í ṣe ògì o.”

“Mo mọ̀, bàbá. Ògì kò ṣeé dúró lé.”

“Ó ń bínú ju ọkọ rẹ lọ. Iyanrìn oníyọ̀, ó kọ̀ ọ́. Omi tí wọ́n fi ṣúgà sí, àní díẹ̀ báyìí, sìmẹ́ńtì á di òmùgọ̀ sí ẹ lọ́wọ́, kò ní í le mọ́, ìwọ á máa dúró, òun náà á máa wò ọ́.”

Ràúdátù ní, “A ò ní í fi ṣúgà sí i nígbà náà, bàbá. Kì í ṣe pé a fẹ́ mu ún.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbàgbé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbé e wọlé. Èmi ni mo ń ta ògì gbígbóná lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ṣúgà kì í wọ́n nínú yàrá mi.

Ọkọ wa bi í pé iṣẹ́ ọnà tí òun fẹ́ ńkọ́. Ràúdátù wọ yàrá rẹ̀, ó gbé ẹní kan jáde, ẹní oore tí ìyá rẹ̀ hun fún un nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ, ìhun rẹ̀ fún mọ́ra, ó gún régé, ìlà rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ bí omi odò. Ó ní, “Bí àlejò bá wọlé, kí la kọ́kọ́ ń ṣe? Ṣe là ń tẹ́ ẹní. Bí sìmẹ́ńtì bá ṣì tutù, a óò tẹ́ ẹní yìí lé e, a óò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, a óò sì ká a kúrò. Gbogbo ìlà rẹ̀ ni yóò kù sílẹ̀. Àlejò kankan kò ní í dé bá ilé yìí kí a tó máa wá ẹní fún un. Ẹní ti wà nílẹ̀ dè é.” Ọkọ wa gbá itan ara rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Mo ní, “Ẹní tí a kì í ká, ṣé ti ọ̀fọ̀ kọ́?” Ọkọ wa ní kí n fi ẹnu dúdú sílẹ̀. Ràúdátù kò bínú. Ó yíjú sí mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ìyálé mi, ìsinmi yín dé nìyẹn. Ilẹ̀ yìí kò ní í fẹ́ lílù mọ́.”

Ó sọ ọ́ fún ire. Mo mọ̀ báyìí. Nígbà náà, ohun tí mo gbọ́ ni pé, Ṣàkírátù, pa ẹnu rẹ dé. Bí ilé Ṣàmsídéènì bá di sìmẹ́ńtì, ilé tó kàn á di sìmẹ́ńtì, èyí tó tún kàn á ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá pe alùlẹ̀ mọ́? Orin mi kú nìyẹn, ọmọbìnrin tó wá lánàá ló sì pa á. Bí mo ṣe dá ẹjọ́ náà nínú mi nìyẹn, èmi olùpẹ̀jọ́, èmi adájọ́, èmi ẹlẹ́rìí.

A ha ilẹ̀, a lù ú kó le kí sìmẹ́ńtì lè rí ibi jókòó. Ràúdátù fi ajọ̀ jọ iyanrìn odò bí ẹni tó ń jọ èlùbọ́. Ó kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ, ó fọ̀ wọ́n. Ó ní kí a pọn omi sínú àgbá sílẹ̀ ní ọjọ́bọ̀, kí a lè bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ náà, àwọn ọkùnrin lọ sí mọ́ṣáláṣí, Ràúdátù wà nínú yàrá lórí awọ ìkírun. Kì í ṣe òru o, tí ẹni búburú ń sá pamọ́ sí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run, adìyẹ ń wò mí. Mo ti yọ́ ṣúgà sínú ìkòkò ògì mi, gbogbo ṣúgà tí mo ní, títí omi náà fi ń fà bí oyin. Mo gbé e, mo dà á sínú àgbá. Mo fi igi Ràúdátù fúnra rẹ̀ rò ó. Orin ìlulẹ̀ ni mo ń kùn sínú bí mo ṣe ń rò ó. Èyí ló ń bí mi nínú jù tí mo bá rántí, pé mo ń kọrin. Bí ẹni tó ń wẹ ọmọ.

Wọ́n dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A po iyanrìn àti sìmẹ́ńtì àti òkúta wẹ́wẹ́, Ràúdátù ń fi ojú wọn omi, a ń dà á, ó ń fi pákó gígùn wọ́ ọ kó dọ́gba. Ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí kò lẹ̀ mọ́ ọn níka mọ́, ó fi àdín pa abẹ́ ẹní kí ó má baà gbá sìmẹ́ńtì mú, ó sì tẹ́ ẹ. A bọ́ bàtà. A gun orí ẹní. Ẹsẹ̀ wa kò bára mu, ọ̀kan ń lọ síhìn-ín, ọ̀kan ń lọ sọ́hùn-ún, ẹní ń sún. Ràúdátù dúró, ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, “Ìyálé mi, ẹ lé orin fún wa. Láìsí orin yín, ẹsẹ̀ wa kò lè bára mu.”

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Orin mi kò kú. Sìmẹ́ńtì ń fẹ́ orin. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ da ṣúgà sómi, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mo sì ṣì lè sọ pé, ẹ dúró, ẹ da èyí nù, ẹ jẹ́ kí a pọn omi mìíràn. Ẹnu mi là. Orin ló jáde. Mo kọrin, ẹsẹ̀ wọn bára mu, a tẹ ẹní náà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn. Nígbà tó ká a díẹ̀díẹ̀, tí ìlà ẹní yọ lára sìmẹ́ńtì, tí ó mọ́, tí ó ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn obìnrin pariwo ayọ̀, Ràúdátù dì mọ́ mi lọ́rùn. Mo kọrin lórí ilẹ̀ tí mo ti pa.

Sìmẹ́ńtì náà kọ̀, kò le. Ràúdátù fi àpò tútù bò ó, ó ń ṣí i wò, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń ní kí a ṣe sùúrù. Lẹ́yìn náà ni èèrà dé. Mo ti ro gbogbo nǹkan tì, mi ò ro èèrà. Wọ́n tò wá láti ìdí igi ọsàn, wọ́n ń gba ojú ìlà ẹní lọ bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ẹ̀yin àgbà ọkùnrin ilé yìí, ẹ̀yin tí ẹ kù àti ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ àlá fún ará ìlú, ẹ rí èèrà lórí sìmẹ́ńtì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí wọn. Ẹnì kankan kò bi ara rẹ̀ pé kí ló dùn níbẹ̀. Ṣé nítorí pé obìnrin ló tẹ́ ẹ ni? Bó bá jẹ́ Bonaventure ló tẹ́ ẹ tí kò le, ẹ ò bá ti wá ìdí rẹ̀ títí dé Kútọnu. Ràúdátù nìkan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka ha díẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ó gbé ojú sókè. Ó wò mí. Mò ń bu ògì fún oníbàárà. Mo ní, “Ìyàwó, ṣé o fẹ́ mu?” Ó fi àpò tútù bo ibẹ̀ padà.

Kò sọ ọ́ jáde nítorí pé kò tíì gbà á gbọ́ tán. Ó sọ fún mi ní Pobè láìpẹ́ yìí. Ó ní òun sọ fún ara òun pé bóyá ahọ́n òun ló ń dùn.

Ní ọjọ́ wòlímà, oòrùn ti gbẹ ojú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó ti le. Àlejò dé nínú aṣọ funfun, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń yìn ín. Ìyá Ràúdátù ti Pobè wá, ó dá ẹní tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun mọ̀ nínú sìmẹ́ńtì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbé àga kalẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe jókòó, ẹsẹ̀ àga bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ilẹ̀ fọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ. Àga Àáfà dojú dé, láwàní rẹ̀ yí sínú ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì, Àáfà dìde, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ti inú àpò èlùbọ́ jáde. Ṣùáíbù ọmọ mi, tí ọjọ́ náà jẹ́ tirẹ̀, di wàláà tó fi ń ka Kùránì mú, ó ń sunkún. Mo ba wòlímà ọmọ tí mo bí jẹ́ kí n lè rí orogún mi mú.

Ọkọ wa ní, “Ràúdátù, kí lo ṣe fún mi yìí?”

Ràúdátù la ẹnu. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí ó ti gbà á gbọ́, ó fẹ́ sọ ọ́. Kí ó tó fọhùn, mo gbé orin. Ẹ gbọ́ ọ fún ìgbà ìkẹyìn, láti ẹnu ẹni tó ni ín:

Ọlọ́wọ́ iyanrìn ò,
Má fọwọ́ kan tèmi.
Ó kan ilẹ̀, ilẹ̀ di ìyẹ̀fun,
Ó kan ilé, ilé di erùpẹ̀.
Ọlọ́wọ́ iyanrìn,
Padà sílé ìyá rẹ.

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú ti fẹ́ pa wọ́n, ẹ̀rín gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin tí wọ́n bá a tẹ ẹní náà ń gbè é. Mo rí ẹnu Ràúdátù tó ń ṣí tó ń pa dé láàárín ariwo. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. “Ṣúgà,” ló ń wí. “Ṣúgà ni.” Ta ni yóò gbọ́? Ọkọ wa na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kó bá ìyá rẹ̀ lọ. Kí ìbínú rọlẹ̀ ló rò, ṣùgbọ́n orin ti ṣáájú Ràúdátù dé ọjà, ìtìjú kò sì jẹ́ kí Ṣàmsídéènì lọ mú un padà. Ọkùnrin tó jẹun lọ́wọ́ obìnrin, tí obìnrin náà bímọ fún, gba orin gbọ́ jù ú lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, bí ó bá wà láyé ni, ì bá gbọ́ tẹnu mi. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Ràúdátù ti dúró tó búra. Ó ní, “Oúnjẹ ilé yìí kò ní í kan ẹnu mi mọ́ títí ẹni tó kọ orin yìí yóò fi gbé e mì.” Ẹ̀bùnọlá ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní ilé baba lọmọ ń gbé. Wọ́n gbà á lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Kò tíì débẹ̀.

Mo tọ́ Ẹ̀bùnọlá. Mi ò lù ú, mi ò fi ebi pa á, ẹ bi í, ó jókòó síhìn-ín. Mo tọ́ ọ dáadáa, orin sì ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Gbogbo orin tó wà lẹ́nu mi ló mọ̀, orin yẹn náà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan mò ń gún iyán lẹ́yìn ògiri, ọmọ náà ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú ilé, mo sì gbọ́ ohùn Ràúdátù. Ó ti fi ẹsẹ̀ rin láti Pobè wá wo ọmọ rẹ̀. Kò fẹ́ wọlé. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́, Ẹ̀bùnọlá ló ń lé orin, ó gba ohùn mi, ohùn náà mọ́ kedere. “Ọlọ́wọ́ iyanrìn ò, padà sílé ìyá rẹ.” Ràúdátù ní, “Ta ló kọ́ ọ lórin yìí?” Ọmọ ní, “Ìyá mi ni.” “Ìyá rẹ wo?” “Ìyá Ṣùáíbù.” Ó ní, “O sì mọ Ọlọ́wọ́ Iyanrìn náà?” Ọmọ ní, “Obìnrin burúkú kan ni. Ó ba ilé wa jẹ́, wọ́n sì lé e lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni yín?” Mo dúró pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mélòó kan péré ló wà láàárín wa. Mo retí kí ó sọ pé, èmi ni ìyá rẹ. Ó ní, “Mo ń kọjá lọ ni.” Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ. Mo tún gbé ọmọ odó sókè, mo sì ń gún iyán mi lọ. Iyán náà dán, a jẹ ẹ́.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ń kọ ọ́. Ràúdátù padà sí Pobè, ó tẹ́ ẹní sìmẹ́ńtì sí àgbàlá ìyá rẹ̀, ó le bí àpáta. Àwọn ará Towé gbọ́, wọ́n pè é kó wá tẹ́ tiwọn. Àwọn ará Ahoyéyé tí wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀, wọ́n pè é. Ọwọ́ náà ni o, ọwọ́ tí ẹ ní iyanrìn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sọ́jà Pobè tí ẹ rí i, ẹ padà dé Sakété, ẹ ní bóyá Ràúdátù mìíràn ni. Orin dùn lẹ́nu yín ju òtítọ́ lọ. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Èmi ni mo fi adùn sí i.

Lẹ́yìn tí ọmọ-ọmọ mi pe àjẹ́ létí mi, mo ní kí Ẹ̀bùnọlá mú mi lọ sí Pobè. Ó ti mọ ìyá rẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń kí ara wọn, ṣùgbọ́n bí àlejò ni wọ́n ń kí ara wọn. Mo jókòó sórí ẹní sìmẹ́ńtì náà, mo fọwọ́ tọ ìlà rẹ̀. Mo sì jẹ́wọ́ níwájú àwọn méjèèjì. Ẹ̀bùnọlá kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, “Ìyá, ṣé èmi lẹ fi ṣe ẹnu yín?” Ẹ bá mi wá èsì rẹ̀ bí ẹ bá rí i.

Ràúdátù ní, “Ìyálé mi, mo tọ́ ilẹ̀ náà wò nígbà náà. Ó dùn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò dùn mí mọ́, mo ti tẹ́ òmíràn, ẹ jókòó lé e. Orin yín ni. Ibo lẹ ti kọ ọ́?”

Mo ní, “Sakété.”

“Kí lẹ wá ń gbé e mì ní Pobè fún?”

Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ràúdátù, ìyàwó mi, mo kúnlẹ̀. Orúnkún yìí kò fẹ́ tẹ̀ mọ́, ẹ bá mi dì í mú. Mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́, mo gba ọmọ lẹ́yìn rẹ, mo tún fi ọmọ náà bú ọ. Bí o bá ní o kò forí jì mí, o jàre. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ tèmi: bí ilẹ̀ bá bàjẹ́, a lè tún un tẹ́. Orin tó bá ti jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tiyín lọ, ẹni tó sì fẹ́ mú un padà gbọ́dọ̀ sáré dàgbà. Ẹ má kọ orin tí ẹ kò mọ ẹni tó ń gún. Bí gbogbo ìlú bá ń rẹ́rìn-ín ẹnì kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ibi tí èèrà ń lọ. Ó yá, ẹ gbè é:

Ọwọ́ kọ́ o, ẹnu ni,
Ọwọ́ Ràúdátù mọ́ tónítóní.
Èmi ni mo fadùn pa ilẹ̀,
Èmi ni mo forin lé e lọ.
Orin tí mo dá, mo gbé e mì,
Ẹ bá mi gbé e mì o.

Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn yẹn, mi ò gbọ́ yín; nígbà tó jẹ́ èébú, ohùn yín ń dé Yoko.

Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Ràúdátù jókòó jẹ́ẹ́ títí a fi kọ orin náà tó rẹ̀ wá. Ó wá ṣí ìborùn kúrò lórí. Ó ní, “Ẹ̀bùnọlá, bu omi wá fún mi.” Ọmọ náà bu omi, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un, ó pè é ní Ìyá mi, kì í ṣe Ìyá Pobè tó máa ń pè é. Ràúdátù gba igbá omi, ó gbé e dé ẹnu, ó dúró. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe ìwọ lo pọn omi yìí?” Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pè mí ní ìwọ rí. Ó tọ́ sí mi. Mo ní èmi kọ́. Ó mu ún. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní, “Ta ni yóò jẹ́ kí ìrẹsì yìí jóná báyìí?”

A jẹun. Ràúdátù jẹ àwo kan, ó ní kí wọ́n tún bu òmíràn wá, ó ní ebi tí òun ti ń gbé kiri nínú ilé yìí kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọdé fi ewé di ẹran lọ sílé. Nígbà tí wọ́n yó tán, tí wọ́n jáde, mo gbọ́ ohùn wọn lójú ọ̀nà tí wọ́n ń kọ “Ọwọ́ kọ́ o, ẹnu ni,” títí wọ́n fi yà síbi ọjà. Ràúdátù ń nu ọwọ́. Ó ní wọ́n ti ṣi ẹsẹ̀ kejì kọ. Mo ní kí n pè wọ́n padà kí n tún un kọ́ wọn. Ó ní kí n jókòó, kí n jẹ́ kí wọ́n lọ, ó sì gbé egungun tó kù nínú àwo mi, ó ń fọ́ ọ jẹ.